Ẹ Fi Ìlẹ̀kùn Sí Wi-Fi Ilé Yín

Ǹjẹ́ ẹ mọ̀ pé bí ẹ bá tan Wi-Fi nínú yàrá yín lálẹ́ òní, kò ní dúró sínú yàrá yín nìkan? Yóò la ògiri kọjá sọ́dọ̀ àwọn tó wà ní yàrá kejì, yóò gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ jáde, yóò sì dé ojú títì níbi tí àwọn tí ẹ kò mọ̀ rí ti ń kọjá lọ. Ẹ lè ti ìlẹ̀kùn yín, kí ẹ fi àgádágodo ńlá kọ́ ọ, kí ẹ sì fa kọ́tìnì bo fèrèsé. Wi-Fi kò mọ àgádágodo, kò sì mọ kọ́tìnì.

Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ bá ẹ̀yin ìdílé tó ń ka ìwé ìròyìn wa yìí sọ̀rọ̀ nípa bí a ṣe ń so kọ̀ǹpútà inú ilé mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì láìlo wáyà. Ọ̀pọ̀ òbí ló ti fi owó ńlá ra kọ̀ǹpútà fún àwọn ọmọ wọn. Àwọn kan rà á nítorí ìdánwò JAMB, èyí tí ó ti di ti orí kọ̀ǹpútà pátápátá láti ọdún 2015. Àwọn mìíràn rà á nítorí iṣẹ́ yunifásítì tàbí nítorí òwò tí wọ́n ń ṣe. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá ti kan Wi-Fi, wọn a ní, "Ti àwọn ọmọ ni ìyẹn," wọn a sì fa gbogbo rẹ̀ lé ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní àdúgbò lọ́wọ́. Òun ni yóò tò ó, yóò gba owó iṣẹ́ rẹ̀, yóò sì bá tirẹ̀ lọ. Ta ni ó mọ pásíwọ́ọ̀dù? Òun ni. Ta ni ó lè wọlé nígbàkígbà tí ó bá wù ú? Òun náà ni.

Ẹ̀yin òbí wa, títan Wi-Fi kò ṣòro rárá. Mímọ ẹni tó ń gba ẹnu ọ̀nà rẹ̀ wọlé ni iṣẹ́ ibẹ̀, ti baba àti ìyá ilé sì ni iṣẹ́ náà.

ÍNTÁNẸ́Ẹ̀TÌ NÁÀ TI GÚNLẸ̀

Orúkọ àdúgbò wa ń wí pé ibí ni ajé gúnlẹ̀ sí. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ní Àpápá ni àwọn ọkọ̀ ojú omi ńláńlá ti ń gúnlẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Láàárín ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ohun mìíràn tún ti gba ojú òkun wá gúnlẹ̀ sí Èkó: àwọn wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n tẹ́ sí ìsàlẹ̀ òkun láti ilẹ̀ Yúróòpù, tí ìròyìn, àwòrán àti ohùn ń gbà wọlé. MainOne bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2010. Equiano, tí ó jẹ́ ti Google, gúnlẹ̀ ní oṣù kẹrin ọdún 2022. Nígbà tí mélòó kan nínú irú àwọn wáyà bẹ́ẹ̀ bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà nítòsí orílẹ̀-èdè Côte d'Ivoire ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, ọ̀pọ̀ báńkì ní Nàìjíríà kò lè ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ, ojú àwọn ènìyàn sì là sí i pé ìsàlẹ̀ òkun ni púpọ̀ nínú íntánẹ́ẹ̀tì wa ti ń wá.

Àwọn àgbà àárín wa rántí ibi tí a ti bọ̀. Kí fóònù GSM tó dé sí Nàìjíríà ní oṣù kẹjọ ọdún 2001, iye àwọn tó ní fóònù nínú ilé kò tó nǹkan. Lẹ́yìn náà ni sáà àwọn káfẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì, tí a ń ra àkókò ní wákàtí-wákàtí, tí àwọn ọ̀dọ́ sì ń sùn síbẹ̀ mọ́jú nítorí pé owó òru dín ju ti ọ̀sán lọ. Ọ̀pọ̀ òbí ni kò lè fọkàn balẹ̀ lórí ohun tí ọmọ wọn ń ṣe níbẹ̀ di òwúrọ̀.

Àwọn kan rí i pé ọgbọ́n tó wà nínú ẹ̀rọ yìí lè gbé ọmọ Ajégúnlẹ̀ ga. Ní ọdún 2007, àjọ Paradigm Initiative, tí 'Gbenga Sesan dá sílẹ̀, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan tí wọ́n pè ní Ajegunle.org, láti kọ́ àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò yìí ní kọ̀ǹpútà, íntánẹ́ẹ̀tì àti bí a ṣe ń dá òwò sílẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n sọ ètò náà ní LIFE, wọ́n sì gbé e dé àwọn ìlú mìíràn. Ṣùgbọ́n ohun tí ọmọ bá kọ́ níta, inú ilé ni yóò ti máa fi dánra wò. Bí ilé kò bá ní ọ̀nà íntánẹ́ẹ̀tì tó dára, ẹ̀kọ́ náà yóò rọ lọ́wọ́ rẹ̀.

KÍ NI WI-FI GAN-AN?

Rédíò ni. Gbogbo wa la mọ bí rédíò ṣe ń ṣiṣẹ́: ilé iṣẹ́ rédíò ń fọ́n ìgbì sínú afẹ́fẹ́, ẹ̀rọ tó wà nílé wa ń gbà á. Ráútà tí ẹ gbé sínú yàrá jẹ́ ilé iṣẹ́ rédíò kékeré. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé kọ̀ǹpútà àti fóònù yín kì í gbọ́ tirẹ̀ nìkan, wọ́n tún ń dá a lóhùn.

Ìmọ̀ yìí ti pẹ́. Ní ọdún 1971, àwọn olùkọ́ yunifásítì kan ní erékùṣù Hawaii, tí Norman Abramson jẹ́ aṣáájú wọn, fi rédíò so àwọn kọ̀ǹpútà tó wà ní erékùṣù ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ pọ̀. Ní ọdún 1997 ni àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ fẹnu kò lórí òfin kan tí gbogbo ilé iṣẹ́ yóò máa tẹ̀ lé, kí kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ kan lè bá ráútà ilé iṣẹ́ mìíràn sọ̀rọ̀. Ní ọdún 1999 ni wọ́n wá fún un ní orúkọ tí gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí, Wi-Fi.

Ẹ jẹ́ kí a fi ohun kan yé ara wa dáadáa, nítorí pé ó máa ń rú ọ̀pọ̀ ènìyàn lójú. Wi-Fi kì í ṣe íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ fi wé omi inú ilé. Wi-Fi ni páìpù tó gba inú yàrá yín, íntánẹ́ẹ̀tì ni omi tó ń bọ̀ láti ìta. Bí dátà bá tán lórí síìmù, kọ̀ǹpútà yín lè máa fi hàn pé Wi-Fi dúró ṣánṣán, síbẹ̀ kò ní ṣí ohunkóhun. Bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, ẹ kọ́kọ́ yẹ dátà wò kí ẹ tó dá ráútà lẹ́bi.

OHUN MẸ́TA TÍ Ẹ NÍLÒ

Èkíní ni ibi tí íntánẹ́ẹ̀tì yóò ti wọlé. Fún ọ̀pọ̀ ìdílé ní Ajégúnlẹ̀, síìmù ni, èyí tí a fi sínú MiFi kékeré tó ṣeé kì bọ àpò tàbí sínú ráútà tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní àwọn àdúgbò mìíràn, wáyà fáíbà lè wọ ilé tààrà. Láti oṣù kìíní ọdún 2023 ni Starlink, tí ń gba íntánẹ́ẹ̀tì láti ojú ọ̀run, ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Nàìjíríà, ṣùgbọ́n ó ń fẹ́ orí òrùlé tí ohunkóhun kò dí lójú. Kí ẹ tó ra síìmù, ẹ fi fóònù yẹ ilé iṣẹ́ fóònù mẹ́ta tàbí mẹ́rin wò nínú yàrá yín gan-an, lọ́sàn-án àti lálẹ́. Èyí tí ń sáré ní Boundary lè máa wọ́ ní òpópónà yín.

Èkejì ni ráútà fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá ń ra tòkunbọ̀, ẹ bi ẹni tó ń tà á bóyá ó ń gba síìmù gbogbo ilé iṣẹ́ fóònù, nítorí àwọn kan wà tí wọ́n ti tì mọ́ síìmù kan ṣoṣo.

Ẹ̀kẹta ni ohun tí kọ̀ǹpútà yóò fi gba ìgbì náà. Láptọ́ọ̀pù ti ní tirẹ̀ nínú. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì, pàápàá àwọn tòkunbọ̀, lè máà ní. Láti mọ̀, ẹ fi ọwọ́ ọ̀tún máùsì tẹ Start, ẹ yan Device Manager, kí ẹ sì ṣí Network adapters. Bí ẹ bá rí ọ̀rọ̀ bíi Wireless, Wi-Fi tàbí 802.11 níbẹ̀, ó ní i. Bí ẹ kò bá rí i, ẹ ra ẹ̀rọ pẹ́ńpẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní USB Wi-Fi adapter, tó dà bíi flash tí a fi ń kó iṣẹ́ pamọ́. Ẹ kì í bọ ojú USB, kọ̀ǹpútà yóò sì dá a mọ̀. Bí kò bá dá a mọ̀, ẹ fi wáyà USB so fóònù Android yín mọ́ kọ̀ǹpútà náà, kí ẹ tan USB tethering lórí fóònù. Íntánẹ́ẹ̀tì fóònù yóò wọ inú kọ̀ǹpútà, yóò sì lè wá ohun tí ó kù fún un.

IBI TÍ RÁÚTÀ YÓÒ JÓKÒÓ SÍ

Ọ̀pọ̀ wa ń gbé ráútà sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n, a sì ń bínú pé kò yára. Irin, páànù, fìríìjì àti ògiri kọnkéré máa ń dí ìgbì lọ́wọ́. Omi náà máa ń gbà á mu, nítorí náà ẹ má ṣe gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ dúrọ́ọ̀mù omi. Ẹ gbé e sókè, bóyá sórí kọ́bọ́ọ̀dù, sí àárín ibi tí ẹ ti ń lò ó. Bí ó bá jẹ́ oní-síìmù, ẹ gbé e sítòsí fèrèsé tó kọjú sí ibi tí òpó ilé iṣẹ́ fóònù wà, nítorí òun náà ní láti gbọ́ tirẹ̀ kí ó tó lè bá yín sọ̀rọ̀.

Ọ̀pọ̀ ráútà òde òní ń fọ́n ìgbì oríṣi méjì. 2.4 GHz ń la ògiri dáadáa, ó sì ń lọ jìnnà, ṣùgbọ́n kò yára tó èkejì. Ní ilé oníyàrá mẹ́wàá tí ráútà mẹ́fà ń ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, wọn a máa dí ara wọn lọ́wọ́ lórí 2.4 GHz, bí ìgbà tí ènìyàn mẹ́fà bá ń pariwo lẹ́ẹ̀kan náà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan. 5 GHz yára jù, kì í sì lọ jìnnà. Fún ìdílé tí gbogbo wọn ń gbé inú yàrá kan tàbí méjì, 5 GHz ni ó dára jù: yóò tó yín lò, ìwọ̀nba díẹ̀ ni yóò sì kọjá sọ́dọ̀ ẹlòmíràn.

BÍ A ṢE Ń TÒ Ó, NÍ ẸSẸẸSẸ

1. Ẹ fi síìmù tí dátà wà lórí rẹ̀ sínú ráútà, kí ẹ tan án, kí ẹ sì dúró fún ìṣẹ́jú méjì tàbí mẹ́ta.

2. Ẹ yí ráútà náà wo ìdí rẹ̀. Ẹ ó rí ìwé kékeré kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn. Orúkọ Wi-Fi wà níbẹ̀, pásíwọ́ọ̀dù wà níbẹ̀, àdírẹ́sì kan tó jẹ́ nọ́ńbà náà sì wà níbẹ̀, bíi 192.168.0.1, 192.168.1.1 tàbí 192.168.8.1.

3. Lórí kọ̀ǹpútà Windows, ẹ tẹ àmì Wi-Fi tó wà ní ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún. Ẹ ó rí orúkọ púpọ̀, ti àwọn ará ilé náà yóò wà níbẹ̀. Ẹ yan ti yín, ẹ tẹ Connect, kí ẹ sì kọ pásíwọ́ọ̀dù náà. Bí ó bá béèrè bóyá ó jẹ́ Public tàbí Private, ẹ yan Public, àfi bí ẹ bá fẹ́ kí àwọn kọ̀ǹpútà ilé yín máa rí ara wọn láti pín iṣẹ́ tàbí lo ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan. Public ń fi kọ̀ǹpútà yín pamọ́ fún àwọn yòókù.

4. Ní báyìí, ẹ ṣí Chrome tàbí Firefox, kí ẹ kọ àdírẹ́sì nọ́ńbà yẹn síbi tí a ti ń kọ orúkọ ojú ewé. Ìlẹ̀kùn yàrá ìdarí ráútà ni ibẹ̀. Yóò béèrè pásíwọ́ọ̀dù tirẹ̀, tí ó yàtọ̀ sí ti Wi-Fi. Ní ọ̀pọ̀ ráútà, "admin" lásán ni, gbogbo ayé sì mọ̀ ọ́n. Ẹ yí i padà kíákíá.

5. Ẹ yí orúkọ Wi-Fi náà padà. Ẹ má ṣe fi orúkọ ara yín tàbí nọ́ńbà yàrá yín sí i. Ẹ kò fẹ́ kí ẹni tó wà lójú títì mọ ilé tí ó ti ń jáde. Orúkọ igi, orúkọ ẹyẹ, ó tó.

6. Ẹ yí pásíwọ́ọ̀dù Wi-Fi padà. Kí ó tó lẹ́tà 12 ó kéré tán. Ọjọ́ ìbí ọmọ kò dára, nọ́ńbà fóònù kò dára, orúkọ ìjọ kò dára, nítorí àwọn tó mọ̀ yín ni wọn yóò kọ́kọ́ gbìyànjú rẹ̀. Ẹ mú ọ̀rọ̀ mẹ́rin tí kò bá ara wọn tan, kí ẹ tò wọ́n pọ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà, bíi agbado-orule-keke-abere-49. Ẹ má ṣe lo èyí tí a kọ síbí, nítorí gbogbo olùkà ló ti rí i.

7. Ibì kan wà tí wọ́n ń pè ní Security. Ẹ yan WPA3 bí ó bá wà, bí kò bá sí, ẹ yan WPA2. Ẹ má ṣe yan Open láéláé, nítorí ìlẹ̀kùn tó ṣí gbayawu ni. Bí ráútà àtijọ́ bá fi WEP lọ̀ yín, ẹ má gbà. Láti ọdún 2001 ni àwọn ọ̀mọ̀wé ti fi hàn pé ó ṣeé já.

8. Bí ẹ bá rí ohun tó ń jẹ́ WPS, ẹ pa á. Ní ọdún 2011 ni a ti mọ̀ pé nọ́ńbà mẹ́jọ tó ń lò ṣeé méfò. Lẹ́yìn náà kí ẹ wá ibi tí a kọ Update sí, kí ẹ jẹ́ kí ráútà gba àtúnṣe tuntun bí ó bá wà.

Ẹ kọ pásíwọ́ọ̀dù méjèèjì sínú ìwé, kí ẹ fi pamọ́ síbi tí ẹ ń kó àwọn ìwé pàtàkì ilé sí. Kí baba mọ̀ ọ́n, kí ìyá náà mọ̀ ọ́n.

NÍGBÀ TÍ ALÁDÙÚGBÒ BÁ KANLẸ̀KÙN

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí. Ọ̀pọ̀ wa ní Ajégúnlẹ̀ ń gbé ní ilé "face-me-I-face-you", níbi tí ìlẹ̀kùn kọjú sí ìlẹ̀kùn, tí a jọ ń lo ilé ìdáná kan, tí a sì jọ ń san owó iná. Yorùbá wà níbẹ̀, Ìgbò wà níbẹ̀, Ìjọ́ àti Ùròbò wà níbẹ̀, a sì ti di mọ̀lẹ́bí ara wa. Lọ́jọ́ kan, ẹnìkan yóò kanlẹ̀kùn, yóò ní, "Ìyá Tọ́pẹ́, ẹ jọ̀ọ́, dátà mi ló tán. Ẹ bá mi fi pásíwọ́ọ̀dù yín sí fóònù yìí, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni."

Kí ni ẹ ó sọ? Bí ẹ bá ní rárá, wọn yóò ní ahun ni yín. Bí ẹ bá sọ pásíwọ́ọ̀dù náà, ní ọ̀sẹ̀ kan sí i, gbogbo ilé ló ti mọ̀ ọ́n, nítorí fóònù òde òní lè fi pásíwọ́ọ̀dù tó wà nínú rẹ̀ han fóònù mìíràn ní ìṣẹ́jú àáyá. Fídíò tó mọ́lẹ̀ kedere lè jẹ gígábáìtì kan sí mẹ́ta ní wákàtí kan. Ẹni mẹ́rin tí wọ́n ń wo bọ́ọ̀lù lórí Wi-Fi yín ní alẹ́ Sátidé lè jẹ dátà ọ̀sẹ̀ kan tán kí ilẹ̀ tó mọ́.

Owó dátà ni ó kéré jù nínú rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ ka èyí. Láti oṣù kejìlá ọdún 2020 ni ìjọba àpapọ̀ ti pàṣẹ pé kí a so gbogbo síìmù mọ́ nọ́ńbà ìdánimọ̀ NIN ẹni tó ni ín. Síìmù tó wà nínú ráútà yín, orúkọ yín ni ó wà lórí rẹ̀. Gbogbo ẹni tó bá lo Wi-Fi yín, síìmù yín ni ó gbà jáde sí ayé. Bí ọmọkùnrin kan ní ìparí ọ̀dẹ̀dẹ̀ bá fi í ṣe gbájúẹ̀, tí ó fi jí owó ẹni ẹlẹ́ni lọ, ta ni àwọn agbófinró yóò kọ́kọ́ wá? Láti ọdún 2015 ni òfin ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì ti wà ní Nàìjíríà, kì í sì í ṣe òfin eré. Ẹ lè jàre nígbẹ̀yìn, ṣùgbọ́n kí ẹ tó jàre, ẹ ó ti sọ tẹnu yín ní àgọ́ ọlọ́pàá, àwọn ọmọ yín yóò sì ti rí i bí wọ́n ṣe mú yín lọ.

Ṣé kí a wá máa ti ìlẹ̀kùn mọ́ aládùúgbò ni? A kò sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn tí wọ́n ṣe ráútà ti ro ọ̀rọ̀ yìí tẹ́lẹ̀. Ọ̀pọ̀ ráútà ní ohun tí wọ́n ń pè ní Guest network, èyíinì ni Wi-Fi àlejò. Orúkọ rẹ̀ yàtọ̀, pásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ yàtọ̀, ẹni tó bá sì gba ibẹ̀ wọlé kò ní rí kọ̀ǹpútà yín. Ẹ lè tan án fún wákàtí kan kí ọmọ ilé kejì fi yẹ èsì ìdánwò rẹ̀ wò, kí ẹ sì pa á lẹ́yìn náà. Lórí àwọn ráútà kan, ẹ lè dín iye dátà tàbí ìyára tí àlejò ń rí kù. Parlour ni a ń gba àlejò sí, a kì í gbé e wọ iyàrá ibùsùn. Ẹni tí ẹ bá mọ̀, tí ẹ sì fọkàn tán, ẹ ràn án lọ́wọ́ níbẹ̀. Bí àlejò kò bá níye mọ́, ẹ yí pásíwọ́ọ̀dù ti àlejò padà. Kò sí ìjà níbẹ̀, ẹ kò sì ní yí ti ilé yín padà.

Nínú yàrá ìdarí yẹn náà ni ìwé àkọsílẹ̀ àwọn tó wà lórí Wi-Fi yín wà, tí a sábà ń pè ní Connected devices. Ẹ máa wò ó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bí ẹ bá ní fóònù mẹ́ta àti kọ̀ǹpútà kan, tí ẹ sì rí ẹ̀rọ mẹ́sàn-án, ẹ mọ̀ pé àlejò ti wọlé láìkanlẹ̀kùn. Ẹ yí pásíwọ́ọ̀dù padà, gbogbo wọn yóò já bọ́.

ỌMỌ, DÁTÀ ÀTI INÁ

Àwọn òbí máa ń bi wá pé, "Báwo ni a ṣe lè dáàbò bo ojú àwọn ọmọ wa?" Ọ̀nà kan wà tí kò ná wa ní kọ́bọ̀. Ní ọdún 2020, ilé iṣẹ́ Cloudflare gbé ètò kan jáde fún àwọn ìdílé. Nínú yàrá ìdarí ráútà, níbi tí a kọ DNS sí, ẹ kọ 1.1.1.3 sí àyè àkọ́kọ́ àti 1.0.0.3 sí èkejì. Púpọ̀ nínú àwọn ojú ewé ìhòòhò àti ti àwọn ẹlẹ́tàn kò ní ṣí mọ́ lórí ẹ̀rọ tó ń gba Wi-Fi yín. Àwọn MiFi kan kò ní àyè yìí. Ti irú wọn bá ni yín, ẹ kọ ọ́ sínú kọ̀ǹpútà ọmọ náà. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé bí ọmọ bá lo dátà orí fóònù ara rẹ̀, odi yìí kò bò ó níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu baba àti ojú ìyá ṣì ní iṣẹ́ tirẹ̀. Ẹ gbé kọ̀ǹpútà sí parlour níbi tí gbogbo ilé ti ń kọjá.

Ní ti dátà, Windows fúnra rẹ̀ jẹ́ ọ̀jẹun. Ó lè fa ọ̀pọ̀ gígábáìtì àtúnṣe wọlé nígbà tí ẹ rò pé ẹ kò ṣe nǹkankan. Ẹ lọ sí Settings, ẹ yan Network & internet, ẹ yan Wi-Fi, kí ẹ ṣí ojú ewé Wi-Fi yín, kí ẹ sì tan Metered connection. Windows yóò mọ̀ pé owó ni ẹ fi ń ra dátà, yóò sì dín ọwọ́ kù. Síbẹ̀, ẹ máa jẹ́ kí ó gba àtúnṣe lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan nígbà tí dátà bá pọ̀, nítorí àtúnṣe ló ń dí ihò tí olè ń gbà wọlé. Ẹ̀yin tó ṣì ń lo Windows 10, ẹ mọ̀ pé ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025 ni Microsoft dáwọ́ àtúnṣe tó ń ṣe fún gbogbo ènìyàn lọ́fẹ̀ẹ́ dúró.

Ní ti iná, gbogbo wa la mọ bó ṣe rí. Ìdí nìyí tí MiFi tó ní bátìrì tirẹ̀ fi bá àdúgbò wa mu. Bí ráútà yín kò bá ní bátìrì, ẹ̀rọ kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní mini UPS, tó lè gbé e fún wákàtí mélòó kan láìsí pé ẹ tan jẹnẹrétọ̀ nítorí rẹ̀ nìkan. Ẹ wo ìdí ráútà bóyá fóólìtì 5, 9 tàbí 12 ni ó ń jẹ, kí ẹ ra èyí tó bá a mu. Èyí tí kò bá a mu lè jó o.

KÍ ILẸ̀ TÓ ṢÚ

Ẹ̀yin ìdílé wa ọ̀wọ́n, ẹ má ṣe jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí di èyí tí a kà tí a sì gbàgbé. Kí ilẹ̀ tó ṣú lónìí, kí ọ̀kan nínú yín gbé ráútà ilé sókè, kí ó ka ohun tó wà ní ìdí rẹ̀. Bí pásíwọ́ọ̀dù tí wọ́n tẹ̀ síbẹ̀ bá ni ẹ ṣì ń lò, ẹ yí i padà lálẹ́ òní. Ẹ jókòó pẹ̀lú àwọn ọmọ yín, kí ẹ jọ ṣe é, nítorí wọ́n lè mọ ibi tí a ń tẹ̀ jù yín lọ, ẹ̀yin sì mọ ènìyàn jù wọ́n lọ. Ẹ sọ fún wọn ìdí tí a kì í fi í fún gbogbo ẹni tó bá kọjá ní kọ́kọ́rọ́ ilé, kí ẹ sì sọ fún wọn ìdí tí a fi ń ṣí ilẹ̀kùn fún aládùúgbò tó ń ṣe aláìní.

Lẹ́yìn náà, kí ẹ kàn sí opó tó wà ní yàrá kejì, tí ọmọ rẹ̀ ń múra sílẹ̀ fún JAMB. Ẹ sọ fún un pé Wi-Fi àlejò yóò máa wà ní títàn láti aago mẹ́rin sí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, kí ọmọ náà máa wá kàwé.